Abẹ Tí Bàbá Wa Fi Fá Wa Lórí

Ní àdúgbò wa ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, Ìyá Alábẹ ni wọ́n ń pè mí. Wọn kì í pè mí bẹ́ẹ̀ lójú mi o. Ẹ̀yìn mi ni wọ́n ti ń pè é, ṣùgbọ́n etí mi kò di. Obìnrin kan tí a jọ ń gbélé fa ìyàwó tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ yàrá iwájú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kí ó ṣọ́ra fún mi, pé obìnrin rere kan kì í kó abẹ jọ sínú yàrá, àfi bí ó bá ní ohun tó ń fi wọ́n ṣe. Mò ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé nígbà náà, gbogbo ẹ̀ ni mo gbọ́. Mo yọjú sí wọn, mo ní, "Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ẹnu olófòófó ni mò ń fi wọ́n gé." Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń kí mi dáadáa.

Òótọ́ ni pé mò ń kó abẹ jọ. Mi ò sọ̀rọ̀ bíléèdì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń wé sínú bébà o. Abẹ àtijọ́ ni mò ń wí, èyí tó gùn ju ìka ọwọ́ lọ, tí ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn, tí ojú rẹ̀ fẹ́lẹ́, tó ń ká wọ inú èèkù rẹ̀ bí ìgbín ṣe ń wọ inú ìkarahun. Òun ni àwọn onígbàjámọ̀ fi ń fá orí àti irùngbọ̀n kí ẹ̀rọ ìgẹrun tó gba gbogbo ìgboro. Mò ń rà wọ́n lọ́wọ́ àwọn onírin kọ́ńdẹ́ẹ̀mù tó ń ti ọmọlanke kiri Mùṣin. Mò ń rà wọ́n lọ́wọ́ àwọn opó onígbàjámọ̀. Ìgbà kan wà tí mo gbọ́ pé bàbá arúgbó kan nítòsí Costain fẹ́ da àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ nù. Mo fi ọjà mi sílẹ̀, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ síbẹ̀, mo bá abẹ nínú àpótí náà tí ìpẹtà ti jẹ dé ọrùn. Bàbá bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo ní mo fẹ́ tún un ṣe ni. Ó wò mí títí, ó ní, "Ìyáàfin, ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe yín?"

Nǹkan ń ṣe mí. Ẹ fara balẹ̀, ẹ ó gbọ́ ọ.

Ọjà Ojúwòyè ni mo ti ń ta bọ́tìnì, òwú àti síìpù fún àwọn aránṣọ. Ọjọ́ Àìkú tí mi ò bá lọ sọ́jà ni mo máa ń gbé tábìlì mi sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, tí mà á kó abẹ jáde. Mà á rẹ wọ́n sínú kẹrosíìnì kí ìpẹtà lè tú. Mà á fi sáńdípépà tí mo ti rì sómi ha wọ́n, láti ìdí lọ sí orí, mi ò jẹ́ ha wọ́n ní ìbú, torí pé ìbú ló ń fa ìlà sí irin lára. Bí ìpẹtà bá lọ, a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rí ihò tó gbẹ́ sílẹ̀ ni. Bí ihò náà bá ti dé ojú abẹ, ó tán, kí èèyàn gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí kò bá tíì dé ibẹ̀, òkúta ló kù. Mà á da omi sórí òkúta, mà á tẹ́ abẹ lé e pẹrẹsẹ, ẹ̀yìn àti ojú rẹ̀ á jọ kan òkúta, mà á máa tì í lọ, mà á máa fà á bọ̀. Abẹ tó bá dára máa ń sọ̀rọ̀ lórí òkúta, ó ń dún ṣẹ́ẹ́ṣẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà ni mà á nù ún lára awọ. Bí ó bá ti gé irun apá mi láì fà á, iṣẹ́ parí nìyẹn.

Àwọn ọmọkùnrin onírùngbọ̀n kan wá láti Yaba lọ́dún tó kọjá. Ẹnìkan ló júwe mi fún wọn. Wọ́n ní abẹ báyìí ti di nǹkan ńlá, pé àwọn fẹ́ rà á, pé àwọn yóò gbé mi sórí fóònù kí gbogbo ayé lè rí mi. Mo ní gbogbo ayé ti rí mi ná, kí ni wọ́n fún mi? Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo ní n ò tà.

Bí mo ṣe wá di ẹni tó ń kó abẹ jọ nìyí: abẹ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ láyé mi, mo sì mọ ibi tó wà. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló wà. Èyí tí mò ń rà kiri yìí, mò ń fi wọ́n tan ara mi ni.

Onígbàjámọ̀ ni bàbá wa. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá, Mùṣin ló sì fi ṣe ilé títí tí ọlọ́jọ́ fi dé. Abẹ́ páànù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí ló máa ń jókòó sí, pẹ̀lú àpótí kékeré àti ìkòkò omi. Ọjọ́ Jímọ̀, àwọn ọkùnrin á tò bí ẹni tó fẹ́ gba sàká. Abẹ tí alágbẹ̀dẹ rọ ló fi ń fá orí àwọn wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n ó ní ọ̀kan tó yàtọ̀, abẹ òyìnbó. Òṣìṣẹ́ rélùwéè kan tí bàbá mi máa ń fá orí fún ló fún un nígbà tó ń padà sí ìlú rẹ̀. Èèkù rẹ̀ jẹ́ ìwo dúdú, wọ́n sì ya ẹyẹ kékeré kan sí irin rẹ̀ lọ́rùn. Orí ìkókó nìkan ni bàbá mi ń fi í fá. Bí wọ́n bá bímọ ní ilé mùsùlùmí kan ní àdúgbò wa, tí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ pé, bàbá mi ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí, abẹ ẹlẹ́yẹ yẹn ló sì ń mú dání. Òun ló fi fá ẹ̀gbọ́n mi lórí. Òun ló fi fá èmi náà.

Ẹ̀gbọ́n mi kò fẹ́ iṣẹ́ náà rárá. Ó ní òun kò lè máa fọwọ́ kó irun orí ẹlòmíràn kiri. Ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó lọ kọ́ òwò ẹ̀yà mọ́tò. Èmi ni mo jókòó ti òkúta. Mo kéré gan-an nígbà tí bàbá mi kọ́kọ́ gbé abẹ lé mi lọ́wọ́ kí n pọ́n ọn. Ó dúró lé mi lórí, ó ní, "Rọra. Kì í ṣe ata lò ń lọ̀." Nígbà tó yá, kò dúró mọ́. Ó máa ń kó wọn fún mi láàárọ̀, á sì lọ jókòó ti ife tíì rẹ̀. Tí mo bá gbé wọn padà fún un, á fi àtàǹpàkò kan ojú abẹ náà, á mi orí. Bàbá mi kì í yin èèyàn. Mímí orí yẹn tó mi.

Nígbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú, tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, ó dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ọ̀sán ọjọ́ kan, èmi àti òun nìkan la wà nílé. Ó ní kí n gbé abẹ ẹlẹ́yẹ wá. Mo gbé e fún un. Ó ṣí i, ó pa á dé, ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó fi ọwọ́ tirẹ̀ bò ó. Ó ní, "Bí mo bá lọ, ìwọ ni kí o mú èyí." Mo ní kí ó yé sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo bí mo ṣe gọ̀ tó! Ká ní mo mọ̀ ni, mi ò bá ti sá pe gbogbo ará ilé kí wọ́n wá gbọ́.

Ó kú. Ọjọ́ fídáù rẹ̀, ẹ̀yìnkùlé ni mo wà, èéfín iná igi ń ta mí lójú, mò ń ro àmàlà tí àwọn àlejò fẹ́ jẹ. Inú pálọ̀ ni àwọn àgbà ẹbí jókòó sí pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tí mo fi máa gbé oúnjẹ wọlé, wọ́n ti pín ẹrù bàbá mi tán. Àwọn Yorùbá ló sọ pé a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Tèmi, wọ́n fá a lẹ́yìn mi, wọ́n tún ní kí n bu omi wá. Aṣọ àti ẹní ìkírun ló kàn mí. Mo béèrè abẹ. Mo ní bàbá fún mi. Wọ́n ní ta ló gbọ́? Mo ní èmi àti bàbá. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló rí obìnrin onígbàjámọ̀ rí? Ọmọbìnrin tó bá jogún abẹ, ilé ọkọ ló gbé e lọ yẹn." Ẹ̀gbọ́n mi jókòó síbẹ̀. Ó mọ̀ pé èmi ni mò ń pọ́n abẹ yẹn. Ó mọ̀ pé òun kò fọwọ́ kàn án rí. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó na ọwọ́, ó sì gbé àpótí náà.

Mi ò tíì dárí jì í lórí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo ti gbìyànjú, kò jáde nínú mi.

Àwọn abẹ alágbẹ̀dẹ inú àpótí náà, onírin kọ́ńdẹ́ẹ̀mù ló kó wọn lọ. Èyí ẹlẹ́yẹ nìkan ló kù, ó jù ú sí ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù kan nílé rẹ̀ ní Sùúrùlérè. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ kí i ni mo máa ń béèrè rẹ̀. Mà á kúnlẹ̀, mà á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, abẹ bàbá yẹn." Á bú sẹ́rìn-ín, á ní, "Kí lo fẹ́ fi ṣe? Àbí ọkọ ẹ tún ti ṣẹ̀ ẹ́ ni?" Àwọn àlejò rẹ̀ á rẹ́rìn-ín, èmi náà á fẹ eyín.  Bí mo bá jáde níbẹ̀, ńṣe ni mà á gba ọ̀dọ̀ àwọn onírin lọ, mà á wo inú ẹrù wọn bóyá abẹ kan wà níbẹ̀. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn jọ nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe èèyàn burúkú ní ojú ayé o. Ó lawọ́. Ó máa ń ra àgbò fún ẹni tí kò ní. Ṣùgbọ́n ṣekárími ni, ó sì ti pẹ́ tó ti ń ta ẹ̀yà mọ́tò tòkúnbọ̀ débi pé ohun tó bá ń dán nìkan ló ń rí. Ẹ̀yà tó bá tọkọ̀ ojú omi bọ́ sílẹ̀, tó dọ̀tí, tó dúdú, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á gbé e fún àwọn tó ń fi ẹ̀rọ ha irin, á dán gbinrin, oníbàárà á sì rà á. Òwò tó sọ ọ́ di alájì nìyẹn.

Nígbà tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin bí àkọ́bí, ó pè mí lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n wá kíákíá. Mo débẹ̀, mo bá abẹ ẹlẹ́yẹ lórí tábìlì. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i gbẹ̀yìn. Ìpẹtà ti bò ó lójú pátápátá, kò tilẹ̀ ṣeé ṣí. Omi ló ti ń jò sínú kọ́bọ́ọ̀dù wọn.

Ó ní, "Mo fẹ́ kí wọ́n fi abẹ bàbá fá ọmọ yìí lórí. Kí gbogbo èèyàn rí i pé ìdílé wa ní ìpìlẹ̀. Wọ́n ní ìwọ lo mọ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe."

Wọ́n ní! Ẹ gbọ́ o, wọ́n ní! Ó ṣe bí ẹni pé ìgboro ló ti gbọ́ ọ. Mo tẹjú mọ́ abẹ náà, mi ò fẹ́ kí ó rí ojú mi. Mo ní, "Mà á tún un ṣe, Ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fá ọmọ lórí tán, ọwọ́ mi ni kí ẹ fi í sí. Ó di tèmi."

Ìyàwó rẹ̀ ń ṣa ẹ̀wà lórí àga. Ó gbójú sókè, ó ní, "Alájì, ẹ fún Àǹtí mi o. Ẹ ti ń dá wọn lóró lórí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́."

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ó ní, "Mo gbà. Mo fi Ọlọ́run búra. Ìwọ, ìyàwó, o gbọ́ o."

Mi ò mọ bí mo ṣe délé lọ́jọ́ náà. Mo mọ̀ ṣá pé mò ń dá rẹ́rìn-ín nínú kẹ̀kẹ́, tí ẹni tó jókòó tì mí fi ń sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Mo pa ọjà tì. Mo rẹ abẹ náà sínú kẹrosíìnì títí tó fi gbà kí n ṣí i. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ha á díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rù ń bà mí pé mà á bá ihò lójú rẹ̀. Ihò wà lára rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n Ọlọ́run ṣe é, wọn kò dé ojú. Ẹyẹ náà yọ láti abẹ́ ìpẹtà, orí rẹ̀ kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà ìyẹ́ rẹ̀. Mo pariwo nígbà tí mo rí i. Mi ò ha ìwo èèkù rẹ̀ rárá, òróró nìkan ni mo fi pa á, torí pé ibì kan wà lára rẹ̀ tó ti jẹ wọnú, ibi tí àtàǹpàkò bàbá mi máa ń wà. Mo fi àtàǹpàkò mi síbẹ̀. Ó gbà á. Mo jókòó bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, omi ń bọ́ lójú mi, inú mi sì dùn. Ara irin náà kò dán. Ó dúdú díẹ̀ díẹ̀, bí irin tó ti pẹ́ lọ́wọ́ èèyàn ṣe máa ń rí. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ bàbá mi nìyẹn. Mo gbé e lé òkúta, ó sì dún.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, àáfáà àgbà kan tí òun náà ti ṣe onígbàjámọ̀ rí nígbà èwe rẹ̀ ló gba abẹ lọ́wọ́ mi. Ó fi kan èékánná, ó wò mí, ó ní, "Ta ló pọ́n ọn?" Mo ní èmi ni. Ó ní, "Ọlọ́run á ṣàánú bàbá ẹ." Wọ́n gbé ọmọ lé itan ìyá rẹ̀. Àwa obìnrin tó kù dúró sẹ́nu ọ̀nà. Àáfáà fi omi tútù pa orí ọmọ, ó bẹ̀rẹ̀ láti iwájú. Ìkókó náà ń sùn. Ó sùn títí irun orí rẹ̀ fi bọ́ tán, kò jí, ẹ̀jẹ̀ kò sì ta sórí aṣọ funfun náà. Mo ti lọ sí oríṣiríṣi ìnáwó láyé mi, mi ò rí èyí tó dùn mọ́ mi bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí àwọn èèyàn ń jẹun, mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi. Mo na ọwọ́. Ó ti fi áńkáṣíìfù wé abẹ náà, ó ti fi í sápò. Ó fọwọ́ gbá mi léjìká, ó ní, "Má kánjú. Ohun tó dára la ó ṣe. Èmi fúnra mi ni mà á gbé e wá bá ẹ nílé, pẹ̀lú ẹ̀yẹ." Mo ní Ẹ̀gbọ́n, ẹ kúkú fún mi báyìí. Ó ní, "Ṣé o ò fọkàn tán mi ni?" Àwọn èèyàn ti ń wò wá. Mo fa ọwọ́ mi sẹ́yìn.

Ó pẹ́ kí ó tó wá. Bí mo bá pè é, á ní ó kù díẹ̀. Mo ti ń rò ó pé ó ti tún fi í sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Àfi bí ó ṣe yọ sí mi ní ọjọ́ Jímọ̀ kan lẹ́yìn ìrun, nínú jàlàbíà funfun, pẹ̀lú àpótí kékeré bí èyí tí wọ́n ń fi wúrà sí. Mo kúnlẹ̀ kí i. Mo gbé àga fún un. Kò jókòó.

Ó ní, "Ẹni tó bá ní èmi kì í mú ìlérí ṣẹ, kó wá wò ó." Ó sì ṣí àpótí náà.

Ó ń dán. Ó ń dán débi pé mo rí ojú ara mi nínú rẹ̀. Èèkù rẹ̀ ti di rọ́bà aláwọ̀ wúrà.

Ó ní, "Mo gbé e fún àwọn ọmọ tó ń fi ẹ̀rọ ha ríìmù mọ́tò fún wa. Mo dúró tì wọ́n. Iṣẹ́ tí ìwọ ṣe dáa o, ṣùgbọ́n ó ṣì dúdú. Mo ní mi ò lè fún àbúrò mi ní nǹkan dúdú."

Mo gbé e sókè. Kò sí ẹyẹ lọ́rùn rẹ̀ mọ́, ẹ̀rọ ti ha á tán. Ojú rẹ̀ ní àwọ̀ búlúù, bí èyí tí kẹrosíìnì máa ń ṣe lórí omi, ó sì gùn ún láti etí dé ẹ̀yìn. Ẹni tó bá mọ abẹ mọ ohun tí àwọ̀ yẹn ń wí. Inú iná ni wọ́n ti fún irin abẹ ní agbára rẹ̀. Bí ooru mìíràn bá tún mú un ju bó ṣe yẹ lọ, agbára yẹn á jáde, kò sì ní padà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ha ríìmù, tó ń yí fììì, ooru rẹ̀ lè jó ọwọ́, kí ni yóò fi abẹ tó fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe? Mo gbé e lé òkúta níwájú ẹ̀gbọ́n mi. Kò dún. Mo fi kan irun apá mi, ó yọ̀ kọjá. Mo fi èékánná tẹ ojú rẹ̀, ó ká.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìwo rẹ̀ dà?"

Ó ní, "Ìwo wo?"

"Èèkù rẹ̀. Ìwo dúdú tó wà lára rẹ̀."

"Háà, èyí tó ti jẹ yẹn? Ó ti gbó, wọ́n ti sọ ọ́ nù. Wo tuntun tí mo fi sí i, ọ̀sán kan ni mo fi wá a."

Mo dá abẹ náà padà sínú àpótí. Mo ní, "Ẹ ti pa á. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti pa abẹ bàbá mi."

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Pa kí ni? Irin? Láti ìgbà tí bàbá ti kú lo ti ń fi ọ̀rọ̀ abẹ yìí dà mí láàmú. Mo tún un ṣe, mo ra àpótí fún un, mo gbé e wá bá ẹ fúnra mi, o tún ń sunkún. Ẹ̀yin obìnrin! Kò sí ohun tí èèyàn lè ṣe fún yín." Ó ká etí jàlàbíà rẹ̀, ó jáde. Mi ò sìn ín dé ojú títì.

Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Mùṣin láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wá àwọn ọmọ tó ń ha ríìmù rí. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá mi wo inú ìdọ̀tí wọn bóyá ìwo náà wà níbẹ̀. Wọ́n wo ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Mummy, ọkọ̀ akódọ̀tí ti kó o lọ." Síbẹ̀ mo dúró, mo fi igi tú ilẹ̀ àyíká wọn wò, pẹ̀lú aṣọ tí mo fẹ́ wọ̀ lọ sọ́jà. Epo mọ́tò kùn mí lẹ́sẹ̀. Mi ò rí nǹkan kan.

Mo ti pọ́n abẹ náà láti ìgbà yẹn. Mo pọ́n ọn bóyá mà á kọjá ibi tó di búlúù, kí n bá irin tó ṣì le. Kò sí irin tó le mọ́ nínú rẹ̀. Ìpẹtà, mo mọ̀ ọ́n ṣe. Èèkù tó là, mo mọ̀ ọ́n ṣe. Èyí kò ní àtúnṣe, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo kàn ń pọ́n ọn ṣá ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wá. Ó gbé èso wá, ó jókòó sẹ́bàá tábìlì mi, ó ń fi etí ìborùn rẹ̀ nu ọwọ́. Mo mọ̀ pé wọ́n rán an ni.

Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ foríjì wọ́n. Inú wọn kò dùn. Gbogbo ẹbí ni wọ́n ti sọ ọ́ fún, pé àwọn fún yín ní abẹ bàbá, ẹ kò tilẹ̀ dúpẹ́. Ẹ kàn pè wọ́n lórí fóònù, kí ẹ ní ẹ ṣé. Ọ̀rọ̀ á tán."

Mo ní, "Ìyàwó, ọjọ́ tó búra, ojú ẹ ni. Ìwọ lo ṣe ẹlẹ́rìí."

Ó ní, "Ojú mi ni, Àǹtí."

"Ó dáa. Bá mi kí i. Sọ fún un pé mò ń dúró dè é, pé abẹ bàbá mi kò tíì tẹ̀ mí lọ́wọ́."